Ìdó Mẹ́ta àti Àdúrà Kan

Òórùn epo ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti dì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú tí mo bá ronú kan ọdún yẹn. Odidi oṣù mẹ́jọ ni mi ò fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà. Màá ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdó-Èkìtì ní aago mẹ́jọ àárọ̀ bí mo ṣe ń ṣí i láti ogún ọdún, màá gbálẹ̀, màá jókòó sídìí ẹ̀rọ, màá sì máa wo títì títí oòrùn yóò fi kúrò lórí páànù ilé òdìkejì. Ìyàwó mi ló kú. Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì ló mú un lọ, a sin ín, mi ò sì sunkún. Àwọn ènìyàn ń yìn mí. Wọ́n ní ọkùnrin bí ọkùnrin ni mí, wọ́n ní mo gba kádàrá. Èmi náà gbà wọ́n gbọ́ díẹ̀, mo rò pé okun inú ló wà lára mi, mo tilẹ̀ ń rìn bí ẹni tó ní okun inú. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi, kò sì korò. Tí wọ́n bá gbé iyán síwájú mi, màá jẹ ẹ́ tán, nígbà tó bá ṣe díẹ̀ màá béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ọ̀rẹ́ méjì péré ni kò yìn mí. Èkíní ni ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀. Ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ó sì ti wa ọkọ̀ akérò láti Ìdó sí Ìbàdàn, sí Èkó, sí Ọ̀wọ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ló fi sílẹ̀ o, kò fi ọkọ̀ sílẹ̀. Pijó gbọọrọ aláwọ̀ eérú kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó máa ń fọ̀ láràárọ̀ bí ẹni ń wẹ̀ fún ọmọ tuntun. Tó bá ń ròyìn ara rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló máa ń yìn, ojú rẹ̀. Ó ní láàárín ọgbọ̀n ọdún, òun kò tẹ ewúrẹ́ pa rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ènìyàn. Èkejì ni Kátíkísì ìjọ wa, ẹgbẹ́ mi, tí a jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni wí lójú. Àdúrà ló fi ń sọ tirẹ̀. Tí olórí akọrin bá mu ẹmu wá sí ìdánrawò, Kátíkísì kò ní wí nǹkan kan, àmọ́ tó bá di ọjọ́ Ìsinmi ẹ óò gbọ́ ọ: “Olúwa, gba àwọn tó ń fi ohùn wọn sìn ọ́ lọ́wọ́ ìgò àti kèrègbè.” Gbogbo ìjọ yóò ṣe àmín, olórí akọrin náà yóò ṣe é, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àṣà yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kéré kò gbọdọ̀ kọjú sí àgbà kó ní ohun tí ẹ ṣe yìí kò dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ní kí ẹlòmíràn má gbàdúrà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ jókòó sórí àpótí aṣọ, ó bi mí léèrè.

“Télọ̀, Ìdó mélòó lo mọ̀?”

Mo ní ọ̀kan tí a wà nínú rẹ̀ yìí náà ni.

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn yòókù kọjá. Ìdó wà lẹ́bàá Òṣogbo. Ìdó wà lẹ́yìn Ìbàdàn. Ìdó-Àní wà lẹ́yìn Ọ̀wọ̀. Èkó pàápàá ní tirẹ̀. Èrò inú ọkọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn yà. Mi ò tíì dé ọ̀kan rí. Dìde nínú ulé yìí, jẹ́ ká lọ kí àwọn ará wa.”

Mo ní kí ni à ń lọ kí wọn fún. Kátíkísì ní Bíbélì sọ pé ká máa bẹ ara wa wò. Mi ò rò pé ohun tí Bíbélì ní lọ́kàn nìyẹn, àmọ́ mo gbà láti lọ, nítorí pé kíkọ̀ gba agbára ju gbígbà lọ, èmi kò sì ní agbára kankan.

Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ ló ṣe òfin ìrìn àjò náà. A óò máa lọ ní Sátidé, ọ̀kan lóṣù. Tí a bá dé Ìdó kan, a óò kí ẹni tó bá dàgbà jù lára àwọn tí a bá kọ́kọ́ pàdé, a óò sọ fún un pé ará Ìdó ló wá kí ará Ìdó. A óò dúró sídìí pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí, Kátíkísì yóò fi fóònù rẹ̀ ya wá. Òfin tó fẹ́ràn jù ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí pátákó láàárín èmi àti Kátíkísì gbọ́dọ̀ pariwo, èkejì ni yóò sì ra àgbàdo sísun. Òun kò sí nínú eré yẹn. Ó ní awakọ̀ tó bá ń wá pátákó kiri kò ní í wo títì. Ó dùn mọ́ wa gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Èmi tí mo ń pe ara mi ní olójú-inú, odidi ìrìn àjò kan parí kí n tó bi ara mi pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ Ìdó nìkan ló ń ní ká kà fún òun. Ó ń béèrè pé, “Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?” ní gbogbo oríta.

Ìdó-Ọ̀ṣun la kọ́kọ́ lọ. A gba Ọ̀tùn, a gba Ìlá, a gba Ìkìrun bọ́ sí Òṣogbo. Kátíkísì kọrin láti Ìlá dé Ìkìrun. Nígbà tí a wọ ìlú, ìyá arúgbó kan la kọ́kọ́ rí tó ń sá ẹ̀pà síwájú ilé. A dọ̀bálẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ sì sọ ìkíni rẹ̀ bí ẹni ń jẹ́ iṣẹ́ ọba. Ìyá náà gbé ojú sókè.

“Láti Èkìtì? Ta ló kú?”

Kátíkísì rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó kú, pé a kàn wá kí wọn ni. Ìyá ní òun ti gbó, pé ọkùnrin mẹ́ta kì í gbéra láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ láìsí pé ẹnì kan kú. Ni Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ bá fi àgbọ̀n júwe mi.

“Ìyàwó rẹ̀ ni.”

“Ó ti tó ọdún?”

“Kò tíì tó.”

Ìyá kò kí mi kú ọ̀fọ̀, kò sọ pé kí Ọlọ́run dáàbò bo èyí tó kù. Ó bu ẹ̀pà sínú àpò agbádá mi, ó ní kí n máa jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà, kí eyín mi má bàa wà lásán. Mo jẹ ẹ́ títí a fi dé ilé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nítorí mi ni wọ́n ṣe dá gbogbo ìrìn yìí sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ Ìdó kàn jẹ́ okùn tí wọ́n fi ń fà mí jáde ni. Ó yẹ kí inú mi dùn, tàbí kí ojú tì mí. Mi ò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo kàn ń tu èèpo ẹ̀pà sọ síta lójú fèrèsé.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ mú ṣòkòtò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Bọ́tìnnì rẹ̀ ti já. Ó ní òun mọ̀ pé mi ò ránṣọ mọ́, àmọ́ pé bọ́tìnnì kan kì í ṣe ìránṣọ. Ó yọ bọ́tìnnì náà nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì. Mo wọ òwú sínú abẹ́rẹ́, mo ní kó nà án sí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí tábìlì. Bọ́tìnnì funfun ni, aṣọ dúdú ló wà lórí tábìlì, ó sì wà ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ọwọ́ rẹ̀. Ó pa tábìlì lọ, ó pa á bọ̀. “Bọ́tìnnì yìí lẹ́sẹ̀,” ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún ni mo fi wà nídìí abẹ́rẹ́, mo ti rí ọ̀pọ̀ àgbà télọ̀ tí ojú kọ̀ sílẹ̀, mo mọ bí ọwọ́ wọn ṣe ń rìn. Mo mú bọ́tìnnì, mo rán an mọ́ ṣòkòtò. Ohun kan ṣoṣo tí mo rán láàárín oṣù mẹ́jọ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí i, bí ẹni pé wọ́n ṣí ìdérí. Tó bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, gbogbo orí ló máa ń yí, bí adìẹ tó ń wo ọkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó máa ń wá ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan, á so mọ́ ọn lẹ́yìn, á máa tẹ̀ lé e bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Kò gbà kí ilẹ̀ ṣú bá wa níta rí, ó ní àgbà kì í rìn ní ìrọ̀lẹ́. Nínú àwọn fọ́tò Kátíkísì, èmi àti Kátíkísì ń wo fóònù, Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ ń wo igbó.

Ìdó ẹ̀yìn Ìbàdàn ni ìkejì. Sátidé ló yẹ ká lọ, àmọ́ ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ dé tòun ti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ni ì bá pé ọdún kejìdínlógún tí èmi àti ìyàwó mi ṣe ìgbéyàwó. Mi ò rántí. Òun ló rántí, nítorí pé òun ló fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí n dá jókòó ti ẹ̀rọ lónìí. A ya ọ̀dọ̀ Kátíkísì, a sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Nígbà tí a kúrò ní Ìbàdàn tí a ń lọ sí ọ̀nà Èrúwà, Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ wọ kòtò kan tí ọmọ ọdún mẹ́ta yóò rí. Orí Kátíkísì gbá òrùlé ọkọ̀. Ó nu ojú rẹ̀ nù, ó di ojú náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ní ohùn tó fi ń sọ ti olórí akọrin.

“Olúwa, ìwọ tó la ojú afọ́jú lẹ́bàá ọ̀nà, la wá lójú. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú lọ láàárín wa, fi hàn án, kó má bàa kó ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn sínú ewu.”

“Àmín!” Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ ló kígbe jù. Ó lu síárìn. “Tún gbà á, Kátíkísì. Ayé ti ń bàjẹ́, àwọn awakọ̀ ìsinsìnyí kì í wojú ọ̀nà.”

Kátíkísì wò mí láti inú gíláàsì tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Mo yí ojú sí fèrèsé. A rí pátákó Ìdó náà, wọ́n ti lẹ bébà olóṣèlú bò ó débi pé ẹsẹ̀ lẹ́tà nìkan ló kù. Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe gba ìkíni wa, ó béèrè bóyá Ìdó tiwa ní omi ẹ̀rọ. A ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní àwọn náà kò ní in, pé a jẹ́ ẹbí lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà ju gbogbo ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n lọ, ó sì ń wo ojú mi lóòrèkóòrè láti mọ̀ bóyá inú tèmi náà dùn.

Oṣù tó tẹ̀ lé e la lọ sí Ìdó-Àní. Nígbà tí a ń bọ̀, a kò tíì dé Ọ̀wọ̀, obìnrin kan ń bọ̀ ní etí títì ní apá ọ̀tún wa, ó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú abọ́ ńlá, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i láti òkèèrè. Mo rí i pé ọkọ̀ wa ń tẹ̀ lọ sí apá ibẹ̀. Ó yẹ kí n pariwo. Mo wò ó bí ẹni ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé onílé. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá abọ́ náà, abọ́ fò, obìnrin náà ta gìrì wọ inú koríko, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bú sẹ́kún. Bí ẹsẹ̀ obìnrin náà bá sún ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, à bá ti sin ènìyàn méjì.

“Ta ló ń da nǹkan lu mọ́tò?” Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ tẹ bíréékì, ó ń yí orí kiri. “Àwọn ọmọdé wo nìyẹn?”

Kò rí obìnrin náà rárá. Kátíkísì ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ó ń ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń bẹ obìnrin náà. Èmi jókòó. Mo máa sọ òótọ́ níbí, torí pé kò sí ìdí tí màá fi kọ ọ́ sílẹ̀ tí mi ò bá ní í sọ òótọ́. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ pé ojú Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ ti ń lọ. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ bọ́tìnnì. Ohun tó wà nínú mi ni pé tí Pijó náà bá gbé wa wọ inú odò lọ́jọ́ kan, kò burú. Mi ò tilẹ̀ ro ti Kátíkísì tó ní ọmọ márùn-ún, mi ò ro ti ẹni tó ń gba etí títì kọjá. Ẹni tí ohunkóhun kò dùn mọ́ kì í rántí pé nǹkan ṣì ń dun ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kejì, Kátíkísì wá bá mi.

“Ó yẹ kí ẹnì kan bá a sọ ọ́.”

“Ìwọ ni ìránṣẹ́ Ọlọ́run.”

“Tìrẹ ló máa ń gbọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni. Báwo ni màá ṣe wo ojú rẹ̀ kí n ní kò ríran?”

“Èmi ti gbàdúrà sí i nígbà mẹ́ta,” ni Kátíkísì wí, “àmín rẹ̀ sì ń lágbára sí i ni.”

A rán ara wa lọ, a rán ara wa bọ̀, kò sẹ́ni tó lọ. Kátíkísì ní kí a sọ fún olórí ẹbí Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, àmọ́ olórí ẹbí náà ti ń ṣàìsàn. A ní kí a sọ fún ìyàwó rẹ̀, a tún ní ṣé ó yẹ kéèyàn máa fi ẹjọ́ ọkọ sun aya. Bí a ṣe ń wá ẹnu tó yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ náà kiri, ọ̀rọ̀ ń dàgbà. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ìsinmi fẹ́ lọ díje nínú ìmọ̀ Bíbélì ní Ìkọ̀lé, tí ọkọ̀ tí ìjọ háyà sì bàjẹ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ dìde láàárín ìjọ níbi ìpàdé àdúrà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ní òun yóò gbé wọn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Kátíkísì náà pàtẹ́wọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, Pijó ti ń dán ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta ní iwájú, àwọn tó kù fún ara wọn pọ̀ ní ẹ̀yìn, wọ́n ń ka ẹsẹ Bíbélì fún ara wọn. Àwọn ìyá dúró yí ọkọ̀ ká. Mo kàn wá nítorí pé Kátíkísì ní kí n wá ni. Ó ṣì ń gbìyànjú láti jí mi. Ó wá yíjú sí mi níwájú gbogbo wọn, ó ní, “Télọ̀, fi àdúrà rán wọn lọ.” Láti ìgbà tí a ti sin ìyàwó mi, mi ò tíì la ẹnu gbàdúrà, ó sì rò pé níbi tí ọmọdé wà, ẹnu mi á là. Gbogbo ènìyàn di ojú.

Èmi nìkan ni kò di tèmi. Mo rí Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ tó ti jókòó sídìí síárìn, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba. Mo sì gbọ́ ohùn mi, gbẹrẹfu, bí ìgbà tí mò ń ka ìwọ̀n aṣọ fún ọmọ iṣẹ́.

“Ọlọ́run, Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ kò ríran mọ́. Ó ti pẹ́. Ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin kan tòun ti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì mọ̀. Èmi mọ̀, Kátíkísì mọ̀, a dákẹ́. Má jẹ́ kó gbé àwọn ọmọ yìí lọ.”

Ì bá wù mí kí n sọ pé ìfẹ́ àwọn ọmọ ló ṣí mi lẹ́nu. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìtìjú, àánú àti ìbẹ̀rù àgbà, tó di Kátíkísì lẹ́nu, kò sí lára mi mọ́ láti di mí lẹ́nu. Òkú ara ló sọ ọ́. Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Ẹyẹ kan ń ké lórí igi máńgòrò, ẹ̀rọ Pijó ń mí díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ̀kan ṣoṣo, láti ìdí síárìn, tí kò pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀.

“Àmín.”

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọmọ wọn kalẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìwo ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ pa ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lórí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lọ sílé. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò dúró.

Ìyàwó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ Ajé. Kò jókòó.

“Télọ̀, mo kí ọ kú uṣẹ́.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé òun kò wá gba ìdọ̀bálẹ̀.

“Ṣé o rò pé kò mọ̀? Dókítà ojú ti sọ fún un kí ẹ tó rìn dé ibì kankan. Ó ní èyí tó ti lọ nínú ojú náà kò ní í padà, pé kó wá ní Ọjọ́bọ̀ kan báyìí kí àwọn lè di èyí tó kù mú. Ọjọ́bọ̀ tí ẹ lọ Ìbàdàn nìyẹn. Mo so mọ́ ọn lẹ́wù. Mo ní, baálé mi, ojú rẹ ni o. Ó ní, ‘Ojú mi á ṣì dúró dè mí. Télọ̀ ni mi ò mọ̀ bóyá á dúró.’”

Ó sọ ọ́ tán, ó yípadà, ó lọ. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mo dúró kí nǹkan kan ṣe mí. Mo dúró títí di ọ̀sán, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Ọdún kò pé méjì kí ojú náà tó lọ pátápátá. Ohun tó pẹ́ jù lára mi ni kí ẹsẹ̀ mi tó lè gbé mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo ti tún ń ránṣọ nígbà náà, aṣọ ilé ìwé lọ́pọ̀ jù. Ó máa ń jókòó sábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé, ó sì ti mọ ìrìn ẹsẹ̀ gbogbo àdúgbò. Á pe Kátíkísì ní orúkọ kó tó dé gbàgede. Á sọ fún ọmọdé tó ń kọjá pé bàtà rẹ̀ ti ya. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo kí i.

“Ta ni?”

Mo ní, “Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ìwọ ta ni?”

Mo sọ orúkọ mi, mo sọ orúkọ bàbá mi. Ó ní, “Jókòó.” A jókòó fún wákàtí kan, a kò sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ ní gbogbo Sátidé. Ó sì ń bi mí ní gbogbo Sátidé pé ta ni, mo sì ń sọ orúkọ mi àti ti bàbá mi. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló fi mọ ohùn mi. Mi ò bá a jiyàn. Ohun tó tọ́ sí mi ni, mo sì ń gbà á.

Ní ọdún tó kọjá, ibà dá mi gúnlẹ̀. Sátidé mẹ́ta kọjá tí mi ò lè dìde. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kẹta, Kátíkísì wọlé tọ̀ mí, ó dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó ní Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ rán òun níṣẹ́, pé kí òun sì jẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́.

“Ó ní kí n bá òun wo ẹnì kan tó máa ń wá jókòó ti òun ní Sátidé, tí òun kò mọ̀. Ó ní kí n bi í pé kí ló ṣe é tí kò wá. Ó ní ulé ń tóbi jù.”

Kátíkísì lọ tán kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọ ọwọ́. Mo sun ẹkún ìyàwó mi tí mo jẹ ní gbèsè láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, mo sun ti ojú tó lọ nítorí mi, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí, imú mi dí, mo sì ń sun ún lọ. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an, mo sì ń dúpẹ́ pé ó ń dùn mí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo mú ọ̀pá, mo lọ. Ó bi mí pé ta ni. Mo sọ orúkọ mi, mo sọ orúkọ bàbá mi. Ó ní kí n fa àga mi sún mọ́ tòun, pé ohùn mi kò jáde dáadáa.